Ọ̀rọ̀ Ìtọ̀ Láàárín Ọ̀rẹ́ Méjì

Ọjọ́ tí ìtọ̀ kọ́kọ́ ta Àdùkẹ́ bí ata, ẹnì kan ṣoṣo ló sọ fún. Tàíbátù ni. Ta ni ì bá tún sọ fún? Ìsẹ́yìn ni àwọn méjèèjì ti wá, ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n sì ti ń jókòó ti ara wọn ní Ìyànà Ìbà, tí wọ́n ń ta ọṣẹ dúdú àti kànìnkàn. Lóòótọ́, Wàhábì ọmọ rẹ̀ wà nílé. Ṣùgbọ́n ìyá ẹni àádọ́rin ọdún wo ni yóò pe ọmọkùnrin rẹ̀ jókòó, kó máa ro irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún un?

Ìtọ̀ náà kò jẹ́ kó gbádùn ìrun mọ́. Kó tó ṣe àlùwàlá tán, òmíràn ti dé. Bó bá forí kanlẹ̀, díẹ̀ á já sáṣọ. Ó dùn ún gan-an, nítorí kò fi ìrun ṣeré rí.

"Dín omi kù," ni Tàíbátù wí. "Omi tí o kò bá mu, o ò ní tọ̀ ọ́. Àlùwàlá rẹ á dúró."

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ o."

"Èmi kẹ̀! Ọ̀rọ̀ tó bá wọ etí mi, ó wọ sàréè nìyẹn."

Ni Àdùkẹ́ bá ń mu ife omi kan láàárọ̀, kan lálẹ́. Ètè rẹ̀ gbẹ, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, ó sì ń rùn. Lọ́jọ́ àsàlátù ní mọ́ṣáláṣí, bó ṣe tẹ́ ẹní rẹ̀ ni àwọn obìnrin ìlà iwájú sún kúrò.

"Ẹ lọ sẹ́yìn, Ìyá," ni ọ̀kan nínú wọn wí, "nítorí ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yín yẹn."

Àdùkẹ́ wo Tàíbátù. Ìyẹn ń ka tẹ̀súbáà lọ ràì, bí ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Kò bá a jà. Ilé ló padà sí, kò sì lọ ọjà lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, òtútù mú un, eyín ń gbá eyín. Wàhábì ra oògùn ibà, kò ràn án. Ní ọjọ́ kejì, ìyá ń pe Wàhábì ní Àlàó, orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù ní Òkokomáíkò. Tàíbátù bá wọn lọ, òun ló sì ń sunkún jù.

"Kí ló kọ́kọ́ ṣe wọ́n?" ni dókítà bèèrè. "Ikọ́? Ìgbẹ́ gbuuru? Ìtọ̀ ńkọ́, ṣé ó ń ta wọ́n?"

Wàhábì yíjú sí Tàíbátù. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ jọ máa ń wà."

Àdùkẹ́ ń gbọ́ wọn bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Ó dúró de ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó sọ fún odindi mọ́ṣáláṣí, ṣé kò ní lè sọ fún dókítà kan ni?

"Kò sọ nǹkan kan fún mi o," ni Tàíbátù wí. "Ibà lásán ni."

Ohùn tó fi ń búra fún oníbàárà nìyẹn. Àdùkẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ń ba Tàíbátù kí Wàhábì má bàa gbọ́ ìmọ̀ràn tó fún ìyá rẹ̀. Dókítà ti ń kọ oògùn ibà.

Àdùkẹ́ gbé ìtìjú mì lójú ọmọ rẹ̀.

"Ìtọ̀ ni," ló wí. "Ó ń ta mí. Ó ti pẹ́. Mi ò sì mu omi."

Dókítà ju bírò sílẹ̀. Ó ní àìsàn inú ìtọ̀ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, pé bó bá di alẹ́ kí àwọn tó mọ̀, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n fa omi sí i lára, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ kẹfà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, Tàíbátù gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá.

"Má bínú, Àdùkẹ́. Àṣírí rẹ ni mo bò lójú ọmọ rẹ."

Àdùkẹ́ ti ẹ̀kọ náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ ń ta á ju bí ìtọ̀ ti ta á lọ.

"Níbi tó yẹ kí o ti dákẹ́, o sọ̀rọ̀," ló wí. "Níbi tó yẹ kí o ti sọ̀rọ̀ kí n má kú, o dákẹ́. Gbé ẹ̀kọ rẹ, Tàíbátù, kí o máa lọ."