Òkúta Tó Mu Omi

Agéòkúta mú ópàlì kan, òkúta iyebíye aláwọ̀ mèremère, lórí pẹpẹ, ó fi kan ahọ́n rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn láti ìgbà òjò tó kọjá, torí òkúta tó bá gbẹ dénú a máa lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Ti òní kò lẹ̀. Ó ń yọ̀, ó sì mọ́ gaara bíi dígí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló fọwọ́ kan òkúta yìí?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, awakùsà tó gbẹ́ ihò tí òkúta náà ti jáde, dáhùn lẹ́nu ọ̀nà pé òun ló rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú. "Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́ níwájú ẹ, o kàn ń wò ó. Ṣé kò yẹ kó o dúpẹ́ ni?"

Kò ṣe é níkà. Gbogbo awakùsà orí òkè wọn ló ń tọ́jú ópàlì sínú ìgò omi, torí ìlà sísán kì í hàn nínú omi.

Agéòkúta tó jẹ́ àbúrò mọ ohun tí omi lè fi òkúta náà ṣe. Òkè ọ̀hún ti yọná yọ èéfín rí láyé àtijọ́. Nígbà tí òkúta yíyọ́ dì, afẹ́fẹ́ fi ihò sínú rẹ̀ bí ihò inú búrẹ́dì. Omi wá kó èròjà yanrìn wọ àwọn ihò náà, ó sì rọra fi í sílẹ̀ ní hóró róbótó tí ojú kò lè rí, wọ́n tò léra bí ẹyin nínú kíréètì. Àárín wọn ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà di àwọ̀ oríṣiríṣi. Ibẹ̀ náà lomi ń gbà wọlé. Wíwọlé kò burú. Bó bá sáré jáde ni òkúta ń ya.

Obìnrin tó ń ra òkúta lọ́wọ́ wọn ń bọ̀ lọ́sàn-án yẹn. Ó ti sọ pé ópàlì inú ihò ẹ̀gbọ́n ń sán lọ́wọ́ àwọn oníbàárà òun. Bí òun bá rí ẹyọ kan tí kò sán, òun á máa rà á lọ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó parí. Ẹyọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ sómi yìí ni àbúrò ti fi sùúrù sá gbẹ fún un.

Nígbà tí obìnrin náà dé, àbúrò bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró di òjò mìíràn, kí òkúta náà lè tún rọra gbẹ. Obìnrin náà ní òun ò ní gun òkè yẹn mọ́. "Ẹ gé e, kí n rí i."

Àbúrò fi ìda lẹ òkúta náà mọ́ igi, ó ń gbé e kan ẹ̀rọ tó fi ń gé òkúta díẹ̀díẹ̀ kó má baà gbóná. Ẹ̀gbọ́n jókòó tì í, ó ń dápàárá pé bí òun bá lówó tán, òun ò ní dọ̀bálẹ̀ mọ́, orí ni òun á máa mì kí èèyàn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àbúrò dán òkúta náà títí ó fi ń kọ mànà, obìnrin náà sì gbé e sábẹ́ iná tábìlì tó gbóná. Bí omi ṣe ń gbẹ ni àwọ̀ ń padà wá, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró. Ẹ̀gbọ́n ti dìde dúró. Ni ìlà tín-ín-rín kan bá yọ, òmíràn dábùú rẹ̀, títí ojú òkúta fi dà bí ilé aláǹtakùn.

"Ṣé kí n tún rẹ ẹ́ ni?" ẹ̀gbọ́n béèrè.

Obìnrin náà yí òkúta wò síwá sẹ́yìn, ó ní ọwọ́ tó gé e kò lẹ́gbẹ́. Ó fún àbúrò níṣẹ́ nílé iṣẹ́ òun, níbi tó jìnnà, kó wá máa gé òkúta tó ń ti ibòmíràn wá. Ó ní àga kan ṣoṣo ló ṣófo níbẹ̀. Ní ti ihò ẹ̀gbọ́n, kò tún dárúkọ rẹ̀ mọ́.