Bàbá Tó Wá Tò ní Ṣọ́ọ̀bù Ọmọ Rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó tún jí wa lónìí, tó sì fi èémí sí wa nínú. Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ti onígbàjámọ̀ kan fún yín.

Ẹnudùn ni àwọn oníbàárà ń pè é, torí bí abẹ rẹ̀ ṣe ń fá wọn lórí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Bàbá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Láràárọ̀, ẹnu ọ̀nà ni Ẹnudùn ti ń bi í bóyá ó sùn dáadáa. Kí bàbá tó dáhùn, ó ti lọ ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn bàbá rẹ̀ o. Oúnjẹ ń lọ, oògùn ń lọ. Àmọ́ ọ̀la ló máa ń fi jíjókòó ti bàbá sí, ọ̀la ọ̀hún kò sì dé.

Ní Sátidé kan, èrò kún ṣọ́ọ̀bù. Ẹnudùn gbọn irun kúrò lára aṣọ, ó ní ta ló kàn. Ló bá rí bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, tó fi ọ̀pá há àárín orúnkún, tó jókòó ti awakọ̀ kan. Ó bi í pé kí ló dé.

“Kò sí nǹkan,” ni bàbá wí. “Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀, ibí ló ń tò sí. Èmi náà ti wá tò.”

Awakọ̀, tí ó kàn, ní kí bàbá bọ́ síwájú òun. Bàbá kọ̀.

“Jókòó, ọmọ mi. Àgbà tó bá gba ipò onípò, wọ́n á fá a lápá kan dá apá kan sí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àfi Ẹnudùn. Pé bàbá kò tilẹ̀ bínú ló dùn ún jù.

Nígbà tó kan bàbá, Ẹnudùn fi ọṣẹ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Bàbá na ọwọ́ sókè, ó fọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀.

“O ti pá?”

“Mo ti pá, Bàbá. Ó ti pẹ́.”

“Onígbàjámọ̀ apárí! Ta ló wá ń fá tìẹ?”

Ẹnudùn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì dá a dúró.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, awakọ̀ ọjọ́sí wá kanlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Láti yàrá ẹ̀yìn ni Ẹnudùn ti dáhùn: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Èmi àti bàbá mi ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.”

Ìwọ tí o ń ka èyí, kí Olúwa fún ọ ní ọkàn tó ń ya àkókò sọ́tọ̀ fún ẹni tirẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ. Ẹni tí o fẹ́ràn kò ní wá ọ tì nínú ilé rẹ. Àmín.