Gé E Kí Ẹ̀rín Tó Tán

Ènìyàn mẹ́fà péré ni Ọlọ́run dá sáyé. Àwọn yòókù, aṣọ ni wọ́n pààrọ̀. Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi tọ́jú ẹ̀rọ sinimá nínú yàrá kótópó kan tó gbóná bí ààrò, ojú ihò kékeré kan ló sì ti wo gbogbo aráyé. Akíkanjú wà, Ọ̀dàlẹ̀ wà, Ọlọ́gbọ́n wà, Onísùúrù wà, Ẹlẹ́fẹ̀ wà. Ẹnì kẹfà ni Ọlọ́pàá tó máa ń dé lẹ́yìn tí ìjà bá ti parí.

Bí wọ́n bá wo fíìmù tán nílé wọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìde. Bàbá á na ìka sí ẹ: "Ta lo jẹ́ níbẹ̀?" Bí o bá dáhùn, á ní irọ́ lo pa, á sì sọ ẹni tí o jẹ́ fún ẹ. Àbúrò Bàbá, tó jẹ́ pé bàtà ló ń rán, tí kò gbé kóńdó rí láyé rẹ̀, òun ni Ọlọ́pàá, nítorí pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó ara rẹ̀ gan-an, àwọn àlejò ti ń nu ẹnu nù kó tó dé. Àkọ́bí Bàbá, obìnrin, ni Ọlọ́gbọ́n. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni Ẹlẹ́fẹ̀. Láti ọmọ ọdún mẹ́rin tó ti gbé ṣòkòtò Bàbá kọ́rí, tó ń fi imú wá ilẹ̀kùn kiri, ni oyè náà ti lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè.

"Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí Ẹlẹ́fẹ̀," Bàbá máa ń wí. "Ẹlẹ́fẹ̀ kì í kú nínú fíìmù. Bó bá kú, àwọn òǹwòran á fọ́ àga."

Ẹlẹ́fẹ̀ kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan.

Agẹrun ni. Ó ń gẹ orí oníbàárà kan lọ́wọ́, ó ti gẹ apá ọ̀tún tán, ló bá gbá àyà mú, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Àwọn tó ń dúró pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ti rí i tó kú bẹ́ẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá. Bí ènìyàn bá ti ní kó gẹ orí òun bí ti ọmọ ìkókó, kíá, á gbá àyà mú, á kú. Ẹ̀rín gba ṣọ́ọ̀bù kan. Oníbàárà tí orí rẹ̀ kù ní ìlàjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú kan gbáko kí ẹnì kan tó wí pé, "Tòní mà pẹ́ nílẹ̀ o."

Ìbànújẹ́ kì í gbélé láìwá ẹni tí yóò jókòó lé lórí. Orí ìyàwó olóògbé ni ti Bàbá jókòó lé. "Obìnrin tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, kò gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń dún? Ọ̀dàlẹ̀ ni! Mo ti rí i nínú igba fíìmù." Bí ìyàwó bá kí i, á kọ ojú sí fèrèsé. Ó sì ti búra: ní ọjọ́ Sátidé, tí ẹbí bá péjọ láti wo fíìmù ìrántí ọmọ òun, òun máa gba ọmọ-ọmọ òun lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún kan ò ní dàgbà lọ́wọ́ Ọ̀dàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n olóògbé, àkọ́bí Bàbá, ni yóò ṣe fíìmù náà. Ta ni ì bá tún ṣe é? Iṣẹ́ rẹ̀ ni gígé fíìmù. Níbi iṣẹ́, Àlùmọ́gàjí ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ojú rẹ̀ kì í gba ègé tó bá gùn jù, ì báà jẹ́ ti ọ̀gá pátápátá. Òfin kan ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fi lé e lọ́wọ́: gé e kí ẹ̀rín tó tán. Má dúró wo ojú apanilẹ́rìn-ín lẹ́yìn tó bá pani lẹ́rìn-ín tán. Ojú ẹ̀yìn ẹ̀rín máa ń ba ẹ̀rín jẹ́.

Ó sì gbé òfin náà wọlé bí ẹni gbé bàtà iṣẹ́ wọ yàrá. Gbogbo àpéjọ ẹbí, ọwọ́ rẹ̀ ni kámẹ́rà máa ń wà.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó gbé ọmọ wá sí ibi iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìyàwó. Jókòó." Ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń yọ eegun lẹ́nu. Òun náà ti ń rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé, àbí Bàbá tọ̀nà ni? "Mo ti ń tò ó. Ibi tó ti gbé ike kọ́rí wà níbẹ̀. Ibi tó ti wọ bàtà Ọlọ́pàá ní ẹsẹ̀ òdì, tó ní ẹsẹ̀ òun ló ń bá ara wọn jà..."

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Ti Ẹlẹ́fẹ̀ ti tó." Ó gba wáyà kan lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ fi í sẹ́nu. "Èyí ò ní rántí ohùn rẹ̀. Mo fẹ́ kó rí ẹni tí mo fẹ́. Ẹni tó máa ń jókòó létí ibùsùn, tí á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré. Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Sátidé, kó rí nǹkan mú lọ."

"Mi ò mọ ẹni yẹn."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló ta Ẹ̀gbọ́n lára.

Ó wá a fún ọjọ́ mẹ́rin. Ogún ọdún fíìmù! Ẹlẹ́fẹ̀ ń jó pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ẹlẹ́fẹ̀ ń fi ohùn Bàbá bá Bàbá wí. Ẹlẹ́fẹ̀ fi ìrù wáyà ṣe irùngbọ̀n. Bí ẹnu rẹ̀ bá sì ti ń fẹ́ pa dé báyìí, pàú! Àwòrán á gé. Ìka tirẹ̀ ni, ìka Àlùmọ́gàjí. Nínú ogún ọdún, kò rí ibi kan ṣoṣo tí ẹnu àbúrò rẹ̀ ti pa dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó kan fíìmù ọjọ́ tí Bàbá pé àádọ́rin ọdún. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn nìyẹn, ọmọ náà ò ju oṣù mẹ́rin lọ nígbà náà. Ó ti gbé kámẹ́rà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì gbàgbé láti pa á. Pálọ̀ ṣófo, wọ́n ti ń ya fọ́tò níta. Ẹlẹ́fẹ̀ wọlé, ó jókòó, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n fò dìde lórí àga. Ó ti rí i! Inú rẹ̀ dùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.

Nítorí pé ẹnì kan wọlé tẹ̀ lé e nínú fíìmù náà, òun Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Ẹlẹ́fẹ̀ wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Àyà ń dùn mí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rù ń bà mí."

Obìnrin inú fíìmù náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ kẹ̀? Ẹ̀rù? Ta ló kọ ìyẹn fún ẹ?"

Ẹlẹ́fẹ̀ wò ó. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò tí kò lè lé padà, ó gbá àyà mú, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣubú lu àga.

"O ò ní pa mí!" Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Dìde jọ̀ọ́, wọ́n ń pè wá fún fọ́tò." Ó sì jáde.

Ẹlẹ́fẹ̀ dìde, ó tún àga tò. Ó dúró síwájú dígí ara ògiri, ó sì ń gbìyànjú rẹ̀ wò bí òṣèré tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí. "Àyà ń dùn mí." Ó mi orí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àyà ń dùn mí." Ó fa ojú ro. Rárá, ìyẹn gan-an tún pani lẹ́rìn-ín jù. Ọmọ ké nínú yàrá. Ó lọ gbé e wá, ó gbé e lé àyà tó ń dùn ún.

"Àyà ń dun bàbá rẹ," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ohùn tí Ẹ̀gbọ́n ò gbọ́ rí. "Wò ó, o ò rẹ́rìn-ín. Ìwọ ò tíì mọ ẹni tí mo jẹ́ níbẹ̀. Má tètè mọ̀ ọ́n o, ọmọ mi. Máa wò mí báyìí." Ó sì ń gbé e jó díẹ̀díẹ̀, títí agbára kámẹ́rà fi tán.

Ẹ̀gbọ́n jókòó. Ilé-iṣẹ́ ń lọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń pe ẹnì kan. Kò rántí. Ẹ bá mi gbọ́ o: kò rántí rárá! Àbúrò rẹ̀ sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbàgbé.

Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ronú, ọwọ́ a máa rántí iṣẹ́. Ó gé ara rẹ̀ kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi igbe ọmọ. Ó wá ku ìṣẹ́jú kan lé díẹ̀, iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní, ohun tí ìyàwó bèèrè gan-an. Ó fi í sínú fíláàṣì pupa. Odindi wà nínú fíláàṣì dúdú. Ó kó méjèèjì sí àpò, kò sì bi ara rẹ̀ ìdí rẹ̀.

Ní Sátidé, pálọ̀ Bàbá kún, àfi àga Ọlọ́pàá nìkan. Ìyàwó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó fi apá méjèèjì di ọmọ mú. Wọ́n wo eré ìgbálẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ti bàtà òdì, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nu ojú. Lẹ́yìn náà ni Ẹ̀gbọ́n ki fíláàṣì pupa bọ ẹ̀rọ. Ohùn tó lọ sílẹ̀ yẹn jáde. Ọmọ na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó bo ẹnu.

Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì dìde. "Ó mọ̀! Ọmọ mi mọ̀ pé ara òun ò yá! Ọmọ ọwọ́ ló rí sọ ọ́ fún! Kí ló dé? Nítorí pé ẹni tó fẹ́ ò ní etí! Gbé ọmọ yẹn fún mi."

Ìyàwó tún ọmọ dì mú. Ó wo Ẹ̀gbọ́n. Ó kàn wò ó ni.

"Bàbá, ẹ jókòó," Ẹ̀gbọ́n wí. "Kò tíì tán. Mo gé e ni."

Ó ki fíláàṣì dúdú bọ̀ ọ́.

Nígbà tí Ẹlẹ́fẹ̀ gbá àyà mú, àwọn kan nínú pálọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dé ọ̀fun wọn, ó há síbẹ̀. Ti Ẹ̀gbọ́n inú fíìmù nìkan ló ń dún. Ó gùn. Kò sẹ́ni tó gé e. Ó dún títí ó fi tán, ojú ẹ̀yìn ẹ̀rín sì yọ, gbogbo wọn sì wò ó.

"O mọ̀?" Bàbá bi ìyàwó, ohùn rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn.

"Ó sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá. Mo ní ká lọ sílé ìwòsàn. Ó ní Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, pé kò lè jẹ́ nǹkan ńlá."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Fún ta ni? Ọ̀dàlẹ̀ ni mí."

Ẹ̀gbọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ń dúró de ìka Bàbá. Ó ti mú ìdáhùn rẹ̀ dání: ta lo jẹ́ níbẹ̀? Ìka náà ò dìde. Ó wà lórí itan Bàbá.

"Odindi ni kí ẹ fún mi, Ẹ̀gbọ́n," ìyàwó wí. "Ẹ má tún gé e."

Ẹ̀gbọ́n yọ fíláàṣì dúdú, ó fi í lé e lọ́wọ́. Ìyàwó gbà á, kò wo ojú rẹ̀.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí. Àbúrò Bàbá wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, bàtà kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ibi iṣẹ́.

"Ẹ má bínú o! Ṣé ẹ ti wò ó tán ni?" Ó wo ojú wọn kiri, ó gbìyànjú ẹ̀rín kan. "Ó dáa, mo mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni Ọlọ́pàá."

Bàbá sún, ó fi àyè sílẹ̀ fún un lórí àga tirẹ̀.

"Gbogbo wa ni," ó wí. "Wá jókòó."