Eku Tó Kọlà

Àkíbù ló ń bá dókítà òyìnbó kan dẹ eku lẹ́yìn Madina ní Gánà. Wọn kì í pa wọ́n. Dókítà á fa ẹ̀jẹ̀ eku, Àkíbù á fi abẹ gé etí rẹ̀ díẹ̀ fún àmì, á sì dá a padà sí ihò tó ti wá. Ohun tí wọ́n ń wá ni ìdí tí àìsàn kan tó lè ran ènìyàn kò fi tán lára àwọn eku náà, tí eku fúnra wọn kò sì kú tán. Akọ ń bu akọ jẹ nítorí abo, ẹ̀jẹ̀ sì ń ran ẹ̀jẹ̀. Abo tó bá kó o nínú oyún á bí i mọ́ ọmọ. Ọmọ náà á dàgbà, á sanra, á sì máa gbé àìsàn kiri títí yóò fi kú.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àkíbù fi Twi ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn ará ilé: "Mo ti kọlà fún wọn. Alata ni gbogbo wọn báyìí!" Alata ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Kojo ọmọ onílé ló rín jù.

Nígbà tó yá, ìjọba ní kí àjòjì tí kò níwèé kó jáde ní Gánà, ẹ̀rín bá dáwọ́ dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ibà pa ọmọbìnrin Kojo. Wọ́n gbá abẹ́ ibùsùn rẹ̀, eku kan sá jáde. Wọ́n pa á. Etí rẹ̀ ní àmì.

Ìdíátù, ìyàwó Àkíbù, ń di ẹrù tí wọn yóò gbé lọ sí ibùdókọ̀ Tudu lọ́wọ́, pẹ̀lú oyún àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ń wá tipẹ́, nígbà tí Kojo àti àwọn ará ilé ya wọlé. Kojo fi ọmọ odó gbá Àkíbù lẹ́nu, eyín fò jáde.

"O kọlà fún un, o rán an sí ọmọ mi!"

Àkíbù fẹ́ ṣàlàyé, ẹ̀jẹ̀ ló ń tú lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n fọ́ ọ lórúnkún, ó ṣubú, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹnì kan gbé búlọ́ọ̀kù sókè láti fi fọ́ ọ lórí.

Ìdíátù kò sunkún. Ó ki ọwọ́ bọ inú àgò tí Àkíbù fi ń kó eku, tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fa eku kan yọ láàyè, ó sì fi Twi kígbe: "Alata rèé! Ẹni tó bá tún fọwọ́ kan ọkọ mi, òun ni màá rán an sí!"

Búlọ́ọ̀kù já bọ́. Wọ́n fọ́n ká, àwọn akọni! Kojo nìkan ló dúró. Ìdíátù sọ eku náà lù ú lójú, òun náà figbe ta, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wọn kúrò ní Tudu, Ìdíátù ń ròyìn rẹ̀, ẹ̀rín ń pa àwọn obìnrin yòókù. Àkíbù wá rí àkísà tó wé mọ́ àtàǹpàkò ìyàwó rẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?"

"Eku yẹn náà ni. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí ojú wa rí, ọkọ mi, ṣé eyín eku ni yóò máa bà yín lẹ́rù?"

Ẹ̀rù ba Àkíbù dé egungun. Ó wo ikùn ìyàwó rẹ̀. Ó tú àkísà náà, ó ki àtàǹpàkò náà bọ ẹnu, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ń tu ú dànù, ó ń sunkún. Ó mọ̀ pé egbò ni gbogbo ẹnu òun, kò sì dáwọ́ dúró.