Bàbá Tó Jókòó Ti Àpótí Ìbọn

Kò sí ohun tí Dókítà Adélékè fẹ́ràn tó ìbọn ìléwọ́ àtijọ́, irú èyí tí àwọn darandaran Texas máa ń há mọ́ ìbàdí láyé ẹṣin, tí ilé ọta rẹ̀ ń yí bí èèyàn bá ti ń yìn ín. Ó ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún wọn nínú ilé rẹ̀ ní Sugar Land, ní Texas, ó tò wọ́n sínú àpótí onígíláàsì, ó tan iná sí wọn lórí. Ìyàwó rẹ̀, Wùmí, kì í dé ibẹ̀.

"Ọta lẹ̀ ń yọ lára èèyàn ní hospital láti àárọ̀," ni Wùmí máa ń wí. "Ẹ tún wá ń kó ohun tó ń yìn ín wálé."

Lọ́dún 1984, ìyá Adélékè wá láti Ìlá wá bá wọn wẹ ọmọ tuntun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá bá a ní kíṣìnnì.

"Adélékè, ta ni bàbá dúdú tó jókòó sínú yàrá ìbọn rẹ yẹn?"

"Bàbá wo, Màmá?"

"Èyí tó dé fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Mo kí i, kò dáhùn. Ó kàn fọwọ́ di ikùn mú ni. Ẹ ò tiẹ̀ fún un lómi mu!"

Adélékè sáré débẹ̀, kò bá ẹnì kankan. Àmọ́ nígbà tó fọwọ́ kan àga tó kọjú sí àpótí náà, àga gbóná bí ẹni pé èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀ ni.

Ó ní àárẹ̀ ìrìn àjò ló ń da Màmá láàmú. Lọ́jọ́ kejì ó mú ìbọn tó rà kẹ́yìn, ó fẹ́ nù ún, òórùn ẹ̀tù sì gba imú rẹ̀ kan. Ó wá gbọ́ mímí kan lẹ́bàá etí rẹ̀, ó ń lọ, ó ń já. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó mọ mímí ẹni tí ọta wọ̀ nínú. Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò dúró jẹun. Ó wa mọ́tò lọ bá Charles tó tà á fún un, Charles júwe ilé kan ní Third Ward, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Arúgbó obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ló ṣílẹ̀kùn, Miss Hattie lorúkọ rẹ̀. Bí Adélékè ti tú aṣọ kúrò lára ìbọn náà, obìnrin náà di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ti bàbá bàbá mi ni," ó ní. "Darandaran ni. Kò yà fún àwọn òyìnbó kan lójú ọ̀nà, wọ́n já ìbọn rẹ̀ gbà, wọ́n sì fi yìn ín níkùn. Ìyá bàbá mi ló fi ẹsẹ̀ rìn lọ gbà á padà. Inú ẹ̀wù tí bàbá náà wọ̀ kú la máa ń di ìbọn náà sí, a kì í jẹ́ kó rí ìmọ́lẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ló jí i tà. Ibo lo gbé e sí?"

Ojú ti Adélékè. "Inú gíláàsì ni, Mà. Mo tan iná sí i."

Obìnrin náà dijú. "Ìwọ lo wá ní kó máa wo ohun tó pa á."

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Adélékè àti Màmá bá Miss Hattie lọ sin ìbọn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá ọ̀hún lẹ́yìn ìlú, tòun ti ẹ̀wù tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́. Màmá kúnlẹ̀ sínú koríko, ó fi èdè Ìlá bẹ òkú pé ọmọ òun ò mọ̀. Miss Hattie ò gbọ́ ohun tó wí, ó sì ṣe àmín.

Nígbà tí wọ́n délé, Màmá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìbọn, ó ń wo inú rẹ̀.

"Ṣé ó ti lọ, Màmá?"

"Ó ti lọ." Màmá ò yíjú padà. "Àwọn tó ni ìbọn yòókù ló dìde dúró. Ìwọ ni wọ́n ń wò. Wọ́n rò pé ó ti kan àwọn."

Adélékè ò ra ìbọn mọ́. Ó pa iná àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdílé àwọn tó ni àwọn ìbọn náà kiri gbogbo Texas. Ó rí díẹ̀, ó sì dá ìbọn wọn padà fún wọn. Àwọn kan wà tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn láyé mọ́. Àwọn yẹn ló ṣẹ́ kù sínú yàrá náà, Adélékè sì máa ń kanlẹ̀kùn kó tó wọlé bá wọn.