Ẹni Tó Bá Ká A Ni Kó Fọwọ́ Sí I

"Ta ló tú u?"

Télọ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì lé àpò funfun tí wọ́n ká aṣọ ọkọ̀ sánmà sí, ó tẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ lápá òsì, bí ìyá ṣe ń yẹ ikùn ọmọ tó ní inú ń run òun wò. Apá ọ̀tún le bí igi. Apá òsì rọ̀ bí ìrọ̀rí. Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ibi gbogbo lára rẹ̀ dọ́gba.

"Mo ní, ta ló tú u?"

Alukoro ilé iṣẹ́ náà ló wúkọ́ níkẹyìn. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni, tí lọ́fínńdà rẹ̀ máa ń kí èèyàn kí òun fúnra rẹ̀ tó lanu. "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ọ̀gá ló ní ká ya fọ́tò rẹ̀ fáwọn àlejò. Èyí tó wà nínú àpò ò ṣeé yà, ó kàn rí rúgúdú. A tẹ́ ẹ sórí pápá, a yà á, a sì dá a padà. Ó wọlé dáadáa."

"Báwo lẹ ṣe dá a padà?"

"A ká a."

"Báwo lẹ ṣe ká a?"

Alukoro wo bàtà ara rẹ̀. "Bí èèyàn ṣe ń ká aṣọ ibùsùn. Nígbà tí kò fẹ́ gbà, a forúnkún tẹ̀ ẹ́ wọlé."

Télọ̀ wò ó láti òkè délẹ̀, ó tún wò ó láti ilẹ̀ dókè, kò rí ibi tó wúlò. "Orúnkún," ló wí. "Ẹ kúuṣẹ́. Ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ jókòó lé e."

"A jókòó lé e díẹ̀, Mọ́mì."

Ọkọ̀ sánmà tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, tí wọ́n fẹ́ dán wò láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò ní ìyẹ́, kò sì ní táyà. Iná ni yóò gbé e lọ. Tó bá dé ibi tí ojú ọ̀run ti ń dúdú lọ́sàn-án gangan, iná á kú, ọkọ̀ á sì máa já bọ̀ bí òkúta. Láti ibẹ̀ dé ilẹ̀, aṣọ nìkan ló kù. Aṣọ kékeré kan á kọ́kọ́ jáde, á fa aṣọ ńlá yọ, aṣọ ńlá á ṣí bí agbòjò, ọkọ̀ á sì rọra gúnlẹ̀ sórí pápá tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí okùn kan bá lọ́ mọ́ òmíràn, aṣọ ńlá ò ní ṣí. Á kàn máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí ọkọ̀ bí àkísà tí wọ́n sá sórí okùn.

Télọ̀ ló rán aṣọ náà, òun náà ló sì ń ká a. Ogún ọdún ló fi rán aṣọ ìyàwó àti àgọ́ kó tó débẹ̀. Ó máa ń rí aṣọ ńlá náà lójú oorun nígbà mìíràn, ó ṣí fẹ̀ẹ̀, ó funfun, oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Àwọn ẹnjiníà tó fi ìwé ẹ̀rí bo ògiri ọ́fíìsì wọn kì í pè é lórúkọ. Télọ̀ ni wọ́n ń pè é, imú ni wọ́n sì fi ń pè é, àfi bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń rùn. Òun náà kò ka ọ̀pọ̀ wọn sí ẹni tó lè so bọ́tìnnì.

Òfin kan ṣoṣo ló ní kí wọ́n kọ sílẹ̀ lórí aṣọ náà: ẹni tó bá ká a ni kó fọwọ́ sí i, lórí pátákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń kàn mọ́ iwájú awakọ̀, kí ẹni tó ń lọ lè máa wo orúkọ ẹni tó ní yóò padà.

Awakọ̀ ọ̀hún, ọkọ ọmọ rẹ̀ ni. Ohun tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo rí lára rẹ̀, Ọlọ́run ló yé. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tó bá ń kọjá níwájú dígí, ó gbọ́dọ̀ dúró kí ara rẹ̀. Tó bá sì pàdé ìyá ìyàwó rẹ̀ níbi iṣẹ́, á kàn mirí bí alángbá, á bá tirẹ̀ lọ. Oyún oṣù méje sì wà nínú ìyàwó rẹ̀ nílé.

*

Ọ̀gá Àgbà ń ka ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ fáwọn àlejò sókè nígbà tí Télọ̀ wọlé, Alukoro sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí òjìji.

"Mo nílò wákàtí mẹ́fà, sà."

"Fún kí ni?"

"Kí n tún aṣọ ká."

Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, aago mẹ́jọ rèé. Aago mẹ́wàá là ń gbéra. Igba àlejò ń bọ̀, mínísítà ń bọ̀. Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé à ń ká aṣọ lọ́wọ́? Aṣọ lásán?"

"Aṣọ lásán náà lẹ wọ̀ yẹn, sà. Ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá lọ pàdé mínísítà, ká wo bó ṣe jẹ́ lásán tó."

Alukoro yára fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ìwé tí Ọ̀gá ń kà wà lórí tábìlì, ojú ewé mẹ́rìnlá. Télọ̀ na ọ̀rùn wo èyí tó gbẹ̀yìn. Gbogbo rẹ̀ dá lórí lílọ: iná, ariwo, ògo, ọjọ́ ọ̀la. Ìlà kan péré ló wà nísàlẹ̀ pátápátá: *Lẹ́yìn náà, yóò padà.*

"Báwo ló ṣe fẹ́ padà, sà? Ẹ ò kọ ọ́ síbí."

"Kọ̀ǹpútà á mú un padà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ."

"Kọ̀ǹpútà á pàṣẹ fún aṣọ pé kó jáde. Aṣọ tí wọ́n forúnkún tì wọlé, ibo ló fẹ́ gbà jáde?"

Ọ̀gá Àgbà ti pátákó àti bírò síwájú rẹ̀. "Fọwọ́ sí i."

"Èmi kọ́ ni mo ká a. Òfin ní ẹni tó bá ká a. Alukoro ló ká a, ẹ fún un ní bírò."

Ọ̀gá Àgbà bojú wo ẹ̀yìn Télọ̀. Ó na bírò náà sí Alukoro, bíi pé ohun kékeré ni. Alukoro wo bírò bí ẹni tí wọ́n na irin gbígbóná sí. "Èmi kẹ̀? Sà, fọ́tò ni mo kọ́ níléèwé."

"Ṣebí o ní ó wọlé dáadáa?" Télọ̀ bi í.

"Ó wọlé, Mọ́mì. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa jáde."

"Ẹ̀yin náà lè fọwọ́ sí i, sà," Télọ̀ wí. Ọ̀gá Àgbà dé ìdérí bírò rẹ̀ padà, ó sì rọra fi í sápò.

"Awakọ̀ á lọ láìsí ìbùwọ́lùwé ẹnikẹ́ni," ló wí. "Ìwọ ní tìẹ, lọ kó ẹrù rẹ."

Ojú tì Télọ̀ fún un. Àgbàlagbà tó ń sáré fún bírò ara rẹ̀.

*

Kò kó ẹrù kankan. Ó gbé àpò funfun náà lé ọmọlanke, ó tì í lọ sí yàrá ìránṣọ, ó sì dúró tì í níbi tábìlì gígùn. Bó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn á wá gbé e, wọn á dè é mọ́ ọkọ̀. Bó bá tú u, kò sẹ́ni tó máa lọ sókè láàárọ̀ yẹn, iṣẹ́ tirẹ̀ náà á sì tán pátápátá. Ó mú abẹ́, ó gé okùn tó di ẹnu àpò.

Aṣọ tú jáde pẹ̀lú koríko. Láàárín rẹ̀ ni ìdérí kámẹ́rà kan wà, okùn mẹ́ta sì lọ́ mọ́ ọn típẹ́típẹ́.

Ó ń tú wọn lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ ọmọ rẹ̀ já wọlé, ó ń dán gbinrin nínú aṣọ awakọ̀ bí ìkòkò tuntun.

"Télọ̀, wọ́n lẹ ò fọwọ́ sí i! Gbogbo ayé ń dúró dè mí!"

"Gbogbo ayé ò wọ ọkọ̀."

"Ẹ fẹ́ dójú tì mí ni. Ẹ ò fẹ́ràn mi láti ọjọ́ kìíní."

"Mi ò fẹ́ràn ẹ lóòótọ́. Ìyẹn ò kan aṣọ. Wá wò ó."

Ó wá, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ó rí ìdérí kámẹ́rà. Ó rí okùn mẹ́ta tó lọ́ mọ́ ọn. Ó fi ìka kan fà á, kò tú. Ìgbéraga ojú rẹ̀ rọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹní tí òjò pa.

"Ṣé ì bá ṣí?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ̀yin gan-an ò mọ̀?"

"Èyí tí mo bá ká ni mo mọ̀. Lọ bi àwọn tó jókòó lé e."

Ó bojú wo ilẹ̀kùn. "Tí Ọ̀gá bá bá mi níbí, igbákejì mi ló máa gbé ipò mi fún. Ọdún mẹ́rin ni mo fi retí òní."

"Ilẹ̀kùn ò tì. Ọmọbìnrin tó máa ń bá mi di okùn mú, wọ́n ti ní kó lọ to àga fáwọn àlejò. Bí o bá ń lọ, sọ fún un pé mò ń pè é."

Kò lọ. Ó ti ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ibo ni kí n dì mú?"

"Lọ fọwọ́ ná."

Ìṣẹ́po mẹ́rìndínlógójì ni aṣọ náà ń gbà, ẹni tó bá ń ká a kì í sọ̀rọ̀, kí iye má baà sọnù. Télọ̀ wà ní ìkángun kan tábìlì, ọkọ ọmọ rẹ̀ wà ní ìkángun kejì. Ó ń di okùn mú bí ẹni tó ń di ìrù ẹṣin mú. Àwọn ọwọ́ tí wọ́n ń fi pè é ní akọni, wọ́n rọ̀ ju ti ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé lọ. Télọ̀ fojú sọ fún un pé kó fà á le, ó fà á le. Ẹẹ́rin. Ẹẹ́fà. Aago mẹ́wàá kọjá. Ẹẹ́sàn-án.

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún lára ilẹ̀kùn. "Ta ló wà níbẹ̀? Ẹ ṣílẹ̀kùn!" Ohùn Ọ̀gá Àgbà ni. "Mínísítà ti jókòó! Kí ni kí n sọ fún un?"

Télọ̀ ò gbójú sókè. Ọkùnrin tó wà ní ìkángun kejì tábìlì gbé ọ̀rùn sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jọ̀wọ́ okùn.

"Ẹ ní kí wọ́n fún wọn lómi, sà," ó ké sí ìta. "Ó ku mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

Télọ̀ fa ìkẹwàá sọ́dọ̀ ara rẹ̀.