Ìsinmi Mobọ́lá ní Múṣin

Orí ìjókòó ni oorun ti gbé Mobọ́lá lọ, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ẹsẹ̀ wíwú tí ìyá àgbà kan nà sí i pé kó bá òun wò. Nígbà tó ta jí, àlejò mẹ́sàn-án ló ń wò ó nínú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Ó bẹ̀bẹ̀, ó sì ń wo ẹsẹ̀ náà lọ.

Ọdún keje rèé tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó. Lọ́dún 1976 yìí ni wọ́n tó yọ̀ǹda ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún un, nítorí ó ti dákú lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó wà lókè òkun kì í sọ pé ó rẹ òun. Àtìgbà tó sì ti dé, kó tó fọnu láàárọ̀ ni èrò ti ń dè é: ẹni tínú ń run, ẹni tó ń béèrè ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó kàn fẹ́ fojú rí i.

Ọjọ́ kẹfà tó dé ló ṣubú lulẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Saidat, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nìkan ló rí i. Mobọ́lá bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnì kan. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Saidat di aṣọ mẹ́ta sínú báàgì, ó ní kí àwọn máa lọ sílé bàbá òun ní Múṣin.

“Àwọn tó ń bọ̀ wá kí mi ńkọ́?”

“Àǹtí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi.”

Tìmùtìmù ni Bàbá Yẹ̀kínnì, bàbá Saidat, ń rán tà. Kò béèrè ohunkóhun nípa ìlú òyìnbó. Ó ki òwú tuntun bọnú tìmùtìmù kan, ó tẹ́ ẹ sí yàrá tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ó ní kí ará ilé má kanlẹ̀kùn ibẹ̀. Saidat padà sílé lọ́jọ́ náà. Mobọ́lá sùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó jí, ó jẹun, ó tún sùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó jókòó ti bàbá náà, ó ń bá a ya òwú.

Ọjọ́ karùn-ún tó ti wà ní Múṣin ló padà sí Èbúté Mẹ́ta láti mú aṣọ sí i. Ohùn Màmá Àṣàkẹ́, àbúrò ìyá wọn, ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń sọ fún Saidat pé ó gbé ọmọ àwọn pamọ́ kó lè dá oore rẹ̀ jẹ. Saidat kúnlẹ̀, ó tẹ orí ba. Ẹ̀gbọ́n Mobọ́lá wá sọ ọ́ sí àbúrò rẹ̀ létí pé bí wọ́n ṣe ń wá bú ìyàwó òun lójoojúmọ́ nìyẹn, kò sì sọ ju “Ẹ má bínú, mà” lọ.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni Saidat ì bá fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Kò sọ ọ́.

Mobọ́lá lọ kúnlẹ̀ tì í. “Màmá, mo ti dákú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún yìí. Èmi ni mo ní kó má sọ. Ó rẹ̀ mí, mà.”

Màmá Àṣàkẹ́ wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí, ó wá wo ìyàwó ilé.

“Ọjọ́ mélòó ló kù kóo padà?”

“Mẹ́sàn-án, mà.”

Ìyá náà fọwọ́ ara rẹ̀ gbé Saidat dìde. Lẹ́yìn náà ló fa àga kan lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sí i.

“Ìyàwó wa, mú un padà sí Múṣin. Èmi ni màá dá àlejò lóhùn.”